Ọ̀nà Etí Kùsà: Ọdún Méjìlá Mi Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹ má wo ojú mi kí ẹ sọ pé ọjọ́ orí mi kò tó ti ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni pé mi ò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, ọmọ mi kan ṣoṣo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé jẹ́léósinmi ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjìlá ṣe ti parí, mi ò sì ní padà sídìí rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa ní Kàtákò tí wọ́n ń ka ìwé mẹ́wàá lọ máa ń yà lọ́dọ̀ mi pé, "Àǹtí, iṣẹ́ wo ló dáa ká ṣe?" Wọ́n ti gbọ́ pé mo fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì rí, ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí iṣẹ́ tí kì í bi èèyàn ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ kan, ìbéèrè ọ̀hún ni kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí. Kì í yé wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí n lè sọ bó ṣe rí láì fi nǹkan kan pamọ́.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, iṣẹ́ pákó ló gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, Haúsá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yá mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ọdún tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá ni bàbá mi kú, kò sì sí ẹni tó máa rán mi níwèé síwájú. Ẹnìkan nínú ìjọ wa mú mi lọ bá Bàbá Sálíù, wọ́n gbà mí, ó parí. Iye tí wọ́n ń san kò tó nǹkan, àmọ́ ebi kò pa èmi àti ìyá mi.

Ọmọ Ìlọrin ni Bàbá Sálíù. Nírọ̀lẹ́, á máa kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Láàárọ̀, á máa pín búrẹ́dì. Ó ní àtíbàbà kan lẹ́bàá títì tó lọ sí Kúrù, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ti yà lọ sí àwọn abúlé Berom tó wà lẹ́yìn omi kùsà. Ọkọ̀ ilé búrẹ́dì á já búrẹ́dì sílẹ̀ níbẹ̀, àwa á wá kó o sínú àpótí pákó lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a ó gbé e wọ inú abúlé lọ. Mọ́tò kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀nà yẹn nìkan ló wà.

Kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí. Àwọn tó ń wa kùsà gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi kó tíìnì tó wà níbẹ̀ tán. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí apá kan, ó di òkè. Wọ́n fi kòtò sílẹ̀ ní apá kejì, òjò rọ̀, ó kún un. Omi yẹn dára lójú. Lọ́sàn-án, ojú ọ̀run pátá á wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní etí tó ń rọra jìn bíi ti odò. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti tẹ ilẹ̀, ibú ni ẹsẹ̀ òsì máa bá. Àárín òkè àti omi yìí ni ọ̀nà gbà, kò sì fẹ̀ ju ẹní ẹnì kan lọ. Àwọn obìnrin ń ru igi gbà á, wọ́n ń ru pòtétò gbà á, àwọn ọmọ iléèwé náà ń gbà á. Òun làwa náà gbé kẹ̀kẹ́ wa gbà.

Oṣù àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Bàbá gbé bàsíà omi lé mi lórí, ó ní kí n máa rìn lọ lójú ọ̀nà etí kùsà. Òun gan-an gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo dé ibi tó tóóró, ó lu agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi. Mo yíjú, omi dà sí mi lára, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti di apá mi mú.

"O rí i?" ló sọ. "Ẹni tó rẹrù kò lè yíjú láì yí ọrùn, kò sì lè yí ọrùn láì yí ẹrù. Lọ pọn omi mìíràn."

Ọ̀sẹ̀ kan la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. Mo ti ka ìwé mẹ́wàá, mo mọ ìṣirò, mo mọ ibi tí odò Náíjà ti ṣẹ̀ wá, wọ́n wá ń da omi sí mi lórí.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ gígùn ni mo wá kọ́ ni?"

"Kẹ̀kẹ́ gígùn dà? Ọ̀bọ pàápàá mọ kẹ̀kẹ́ gùn, mo rí i níbi eré kan ní Kánò. Bí wọ́n ṣe ń pàdé èèyàn lo wá kọ́."

Ní àkókò yẹn, kò tíì pẹ́ tí ìjọba yí ọ̀nà mọ́tò padà láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọn èèyàn ṣì ń jà sí i ní gáréèjì. Èmi ọmọ ilé ìwé sọ fún Bàbá pé, tá a bá pàdé ẹnìkan, ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ ká yà sí, torí òfin nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú.

"Ìjọba ò mọ ọ̀nà yìí, Àbẹ̀ní. Níbí, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Ìhà òkè wà, ìhà omi wà. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ìhà òkè. Ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ dání ló ni ìhà omi."

"Bí ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀hún kò bá rẹrù ńkọ́?"

"Ìhà omi ni tìrẹ."

"Bó bá jẹ́ ọmọdé, tó kéré sí mi?"

"Ṣé omi máa bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí? Ọ̀nà yẹn ti wà kí wọ́n tó rọ irin kẹ̀kẹ́ rẹ. Ìwọ lo gbé ewu wá, ìwọ ni kó o dúró tì í."

Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn. Tá a bá rí èèyàn níwájú, a ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó ṣì jìnnà tó bí ogún ìṣísẹ̀. A ó yà sí ìhà omi, a ó gbé kẹ̀kẹ́ sí àárín àwa àti ibú, a ó di bíréèkì mú. A ó kí onítọ̀hún kó tó kí wa: "Sannu da zuwa." Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ la wà, a kò gbọ́dọ̀ lu agogo. A ó máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e, a ó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó lè gbọ́ pé èèyàn ń bọ̀, títí yóò fi rí ibi tó fẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ á fi yà fún wa. Tó bá jẹ́ pé kò yà títí dé abúlé, a ó tẹ̀ lé e dé abúlé. Búrẹ́dì kì í tutù ju bó ṣe tutù lọ.

Lọ́jọ́ kan ní ọdún àkọ́kọ́ mi, bàbá àgbàlagbà kan rí mi tí mò ń bọ̀, ó kó sínú koríko kí n lè kọjá, mo sì kọjá. Mo kàn kí i lórí kẹ̀kẹ́. Mi ò mọ bí Bàbá Sálíù ṣe gbọ́. Ó mú kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi orí ru búrẹ́dì fún ọjọ́ mẹ́fà, kí n sì dé ilé bàbá náà lójoojúmọ́ láti kúnlẹ̀ kí i. Ní ọjọ́ kẹfà, ìyàwó bàbá yẹn bẹ̀ mí pé kí n má wá mọ́, pé mo ti ń dí àwọn lọ́wọ́.

Inú àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni mo ti mọ Kaneng. Ọmọ Berom ni, ẹgbẹ́ mi ni, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn obìnrin tó ń darí àdúrà nínú ìjọ abúlé wọn. Èmi máa ń wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró nítorí kẹ̀kẹ́, Kaneng ló sì kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Haúsá la jọ máa ń sọ.

"Ìwọ oníbúrẹ́dì, ọkọ dà? Àbí kẹ̀kẹ́ yìí ló máa fún ẹ lóyún?"

"Kẹ̀kẹ́ mi kò ní ìyá ọkọ. Ìwọ ńkọ́?"

"To, o borí," ló sọ, nítorí ìyá ọkọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ń ru igi bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Tó bá ní ọ̀dùnkún tuntun, á kì í sínú àpótí mi. Tí mo bá ní búrẹ́dì tó rún, mo máa ń fi pamọ́ fún un. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo lóyún, kó tó di pé mo sọ fún ìyá mi. Ó wo bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ní, "O ti di méjì."

Àwọn irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Kẹ̀kẹ́ tí mo bá nílẹ̀, ọ̀pá irin gbọọrọ ló ń fa bíréèkì rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di wáyà tínrín tó ń já lójijì. Àpótí pákó tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Kàtákò ń kàn fún wa di kéèsì oníke. Ó fúyẹ́, àmọ́ atẹ́gùn orí òkè lè gbé e, kó sì bi kẹ̀kẹ́ ṣubú. Èyí tó burú jù ni alùpùpù. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ìlú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀rẹ̀ sí gbé alùpùpù gba ọ̀nà etí kùsà. Wọn kì í sọ̀ kalẹ̀. Wọn kì í kí èèyàn. Wọ́n á tẹ fèrè láti ọ̀nà jínjìn, àwọn obìnrin tó rẹrù á sì yà síbikíbi tí wọ́n bá rí, ìbáà jẹ́ ìhà omi. Bàbá Sálíù dúró sáàárín ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dá ọ̀kan nínú wọn dúró.

"Kai, Baba," ni ọmọ náà wí, "ayé ti yí."

"Ayé yí," Bàbá sọ, "omi náà yí bí?"

Mò ń sọ ti alùpùpù kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń gbàgbé pé ìhà òkè ni tiwọn. Tí mo bá fẹ́ tan ara mi, mo lè di gbogbo ẹ̀bi lé alùpùpù lórí. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Kò dúró.

Ọdún kẹsàn-án iṣẹ́ mi ni, ọmọ mi jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà. Ìyá mi ló máa ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Bauchi, ìparí oṣù nìkan ló ń wálé. Lọ́jọ́ yẹn, ibà dá ìyá mi wó. Bàbá Sálíù ti sọ pé ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dé etí kùsà. Mi ò sọ fún un. Mo dúró de ìgbà tó lọ kírun, mo pọn ọmọ, mo di búrẹ́dì, mo lọ. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ rárá, mò ń tì í ni. Mo sọ fún ara mi pé bí mi ò bá ti gùn ún, mi ò rú òfin.

Òjò ti rọ̀ lóru mọ́jú ọjọ́ náà. Ilẹ̀ rọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó tóóró jù, mo rí Kaneng tó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ pòtétò lórí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo ti ṣe é ní ìgbà tí mi ò lè kà. Mo wo ìhà omi, mo rí bí etí rẹ̀ ti lanu díẹ̀díẹ̀, mo gbọ́ mímí ọmọ mi lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo dúró gbagidi ní ìhà òkè, èmi àti kẹ̀kẹ́ mi.

Kaneng dé ọ̀dọ̀ mi. Ó rí ọmọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rí ojú mi, ó sì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Tsaya nan," ló sọ, "kina da goyo." Dúró níbẹ̀, o pọn ọmọ.

Ó gba ìhà omi kọjá. Ó fi ọwọ́ kan di apẹ̀rẹ̀ mú, ó fi ìkejì tọ́ ọmọ mi lẹ́rẹ̀kẹ́ bó ṣe ń lọ. Ìṣísẹ̀ kejì ló gbé nígbà tí ilẹ̀ jábọ́ lábẹ́ rẹ̀. Kò ké. Mo gbọ́ bí pòtétò ṣe ń já sómi.

Orí rẹ̀ yọ lójú omi lẹ́ẹ̀kan. Mo tú ọ̀já, mo gbé ọmọ sílẹ̀ lórí koríko, mo ju ẹnu ọ̀já náà sí i. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kù díẹ̀, bóyá gígùn apá kan. Mi ò mọ omi wẹ̀, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Mo kígbe títí àwọn ọkùnrin fi sáré dé láti oko. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló nira fún mi láti kọ ju ikú náà lọ.

Olórí abúlé wá, Bàbá Sálíù wá, gbogbo èèyàn dúró yí mi ká. Olórí abúlé bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo gbá ọmọ mi mọ́ra. Mo ní mo dúró síhà omi bó ṣe yẹ, pé Kaneng ń gba ìhà òkè bọ̀, pé ó ṣàdédé ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì gba iwájú mi kọjá sínú omi. Gbogbo ènìyàn mi orí. Wọ́n mọ̀ wá sí ẹni tó ń pa òfin ọ̀nà mọ́ láti ọdún pípẹ́ wá, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Obìnrin kan wá sọ pé, "Ọjọ́ ọjà lòní. Àbí ó ti yà níbi burukutu?"

Ọtí ọkà ni burukutu. Mo mọ̀ pé Kaneng kò yà níbì kankan. Mo ti súnmọ́ ọn tó láti gbọ́ òórùn rẹ̀, erùpẹ̀ oko ló ń rùn. Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Bóyá."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí kò fọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó yí kiri abúlé náà, ó ń tóbi sí i. Kí wọ́n tó sin Kaneng, ó ti di pé ó mutí yó. Kí oṣù tó parí, ó ti di pé ó ti pẹ́ tó ti ń mu ún.

 Bàbá Sálíù lọ sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà, ó kàn bi mí pé, "Ìhà wo ni kẹ̀kẹ́ rẹ wà?"

"Ìhà omi, Bàbá."

Ó ní ó dáa.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta ni mo tún fi ṣe é. Mò ń dúró síhà omi fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀, fún ewúrẹ́ pàápàá. Ìyá Kaneng ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi. Ó máa ń bi mí nípa ọmọ mi, pé ṣé eyín rẹ̀ ti yọ, pé ṣé ó ti ń rìn. Mo gbọ́ pé wọn kò jẹ́ kó darí àdúrà mọ́. Kò sí ẹni tó lé e. Wọ́n kàn ń pe ẹlòmíràn. Òun ló wá ń tọ́ ọmọbìnrin kékeré tí Kaneng fi sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èèyàn lè gbé pẹ̀lú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mò ń jẹun. Mò ń sùn. Mò ń kọrin fún ọmọ mi. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gba irọ́ mi gbọ́.

Ọjọ́ tó bàjẹ́ ni ọjọ́ tí mo gbé búrẹ́dì dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé abúlé náà, tí mo rí àwọn ọmọdé márùn-ún tí wọ́n yí ọmọ Kaneng ká. Ọ̀kan nínú wọn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó sì ṣubú lulẹ̀ bíi pé ó bọ́ sómi. Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń wò wọ́n, ó dà bíi pé ó fẹ́ mọ bí ìyá òun ṣe ṣe é gan-an. Èmi ni mo dá ìrìn yẹn sílẹ̀. Kaneng kò ta gọ́ọ́gọ́ọ́ rí láyé rẹ̀. Ẹnu mi ló ti jáde.

Mo ti kẹ̀kẹ́ mi dé ilé ìyá Kaneng. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa pòtétò tí wọ́n máa gbìn.

"Mama, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Bó bá jẹ́ ti búrẹ́dì, mo ti rà láàárọ̀."

"Ti Kaneng ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo wà níhà òkè. Mo ní Kaneng ló gba ìhà omi, pé kò mu nǹkan kan, pé oko ló ti ń bọ̀. Mo ní irọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ó gbé pòtétò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ta ló ní kó gba ibẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Nítorí ọmọ mi."

"Ìwọ, kí lo sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, Mama. Mo jẹ́ kó gbà á."

"Kí ni òun sọ? Bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Mo sọ ọ́ fún un bí Kaneng ṣe sọ ọ́. Ó tún un sọ lábẹ́ ètè, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wò mí tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jẹ búrẹ́dì rẹ," ló wí. "Dìde."

Ó mú mi lọ́wọ́, kò rọra mú mi. A lọ sí àgbàlá olórí abúlé, ó ní kí wọ́n pe àwọn obìnrin ìjọ, ó sì pe obìnrin tó kọ́kọ́ dárúkọ burukutu. Ó ní kí n sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún òun. Mo sọ ọ́. Obìnrin tó dárúkọ burukutu wo ilẹ̀. Olórí abúlé bi mí bóyá ẹnìkan fi agbára mú mi sọ ọ́. Mo ní rárá. Àwọn àgbà bọ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n padà. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba etí kùsà mọ́, alùpùpù kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan tó ń yí kó fi í sílẹ̀ létí títì.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi parí sí, ti Bàbá Sálíù náà sì parí síbẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó wà lórí ẹní rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà.

"Wọ́n ṣe é re," ló sọ.

"Bàbá, ẹ mọ̀."

"Ojú táyà wà níhà òkè. Ojú ẹsẹ̀ rẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọ̀gá ló ń ba ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹnu rẹ ló bà á jẹ́. Ẹnu rẹ ni ìyá yẹn nílò. Mo rò pé o máa sọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan." Ó tún etí ẹní rẹ̀ ṣe. "Nígbà tó di ọdún kan, ojú ń ti èmi gan-an láti sọ ọ́."

Mo fẹ́ràn Bàbá Sálíù bí bàbá tó bí mi. Ó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọlúàbí. Síbẹ̀, mi ò ro pé ó ṣe dáadáa, òun náà kò sì rò bẹ́ẹ̀. Ó padà sí Ìlọrin kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Mo ta kẹ̀kẹ́ mi fún ẹnìkan tó ń gbé lẹ́bàá Bauchi Road nínú ìlú Jọ́ọ̀sì, níbi tí títì ti fẹ̀. Aṣọ ni mò ń rán báyìí pẹ̀lú ìyá mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan iṣẹ́, wọ́n á sọ fún yín pé iṣẹ́ lòògùn ìṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìhà omi tirẹ̀, ibi tó jẹ́ pé ìwọ ló yẹ kó o dúró sí kí ẹlòmíràn lè kọjá. Ẹ ó dúró síbẹ̀ ní ọjọ́ tí kò nira. Mo dúró síbẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ kan tó nira yẹn, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, tí ẹsẹ̀ yín bá kọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnu yín náà kọ̀. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ogún ọdún yẹn kì í ṣe ẹni tó pa á.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ ra pòtétò níbi tí àwọn obìnrin Berom ń pàtẹ sí létí títì Kúrù. Ìyá Kaneng wà láàárín wọn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Mo fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ọmọ mi ti sáré lọ síwájú. Oníbàárà kan, àlejò, ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá náà pé ọmọ ta ni ọmọbìnrin yìí.

"Ọmọ Kaneng ni," ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kò wálẹ̀ rárá. "Ìyá rẹ̀ ló gba ìhà omi kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa gbà á."

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí mi. Ó rí ọmọkùnrin mi tó dúró níwájú àtẹ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo gíga rẹ̀. Kò kí mi. Ó na ọwọ́, ó tọ́ ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì yíjú sí oníbàárà rẹ̀.